Àlòkù ẹ̀rọ ilé bàbá mi: mo lo iṣẹ́ àwọn tí ń gba ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ ní Èkó

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kó ẹrù bàbá wa tí ó ti di olóògbé kúrò nínú ilé tí ó gbé ní Súrùlérè. Aṣọ àti ìwé kò fún wa ní wàhálà, nítorí pé kò sí èyí tí kò ní ẹni tí ń dúró dè é nínú ẹbí. Yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni ó dá wa dúró. Bàbá wa kì í da ẹ̀rọ nù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò ní kí a gbé e sí ẹ̀yìn, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Nínú yàrá yẹn ni a ti bá tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn gbàǹgbà méjì, fíríìjì kan tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, bátìrì ínfátà ńlá méjì, sítébiláìsà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó fi ń ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fáànù mẹ́rin, rédíò kan, paálí tí ó kún fún fóònù àtijọ́ àti bátìrì wọn, àti ọ̀pá iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì bí ogún tí ó ti jó tán, tí ó fi okùn dì pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná.

Mo ń kọ èyí láti yẹ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan wò, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ìwé àṣẹ láti máa gba àlòkù ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn àléébù kan wà tí mo ti bá wọn sọ ní ojúkojú, n kò sì fẹ́ kí àléébù náà di ohun tí a ó máa fi mọ̀ wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú níbẹ̀ ni bí a ṣe lè díwọ̀n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, iye owó tí wọn yóò san fún mi ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ. Nígbà tí a parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wò wọ́n: kí ni wọ́n ń ṣe sí apá tí kò ní olùrà? Bàbà ní olùrà, irin ní olùrà, alumíníọ̀mù náà ní olùrà. Ta ni ó fẹ́ dígí tẹlifíṣọ̀n? Ta ni ó fẹ́ fóòmù tí ó wà nínú ògiri fíríìjì, tàbí ọ̀pá iná tí ó ti jó?

Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni ó kọ́kọ́ dé, nítorí pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ní àdúgbò gbogbo ní Èkó. Ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀, ó ń lu irin, ó sì ń ké pé ẹni tí ó bá ní bátìrì, fíríìjì tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ó ti bàjẹ́ kí ó gbé e jáde. Ó pè mí ní Hàjíyà, mo kí i, mo sì jẹ́ kí ó wọlé wo ẹrù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi dá iye lé gbogbo rẹ̀ láìgbé ohunkóhun sórí ìwọ̀n: 70,000 náírà fún bátìrì méjèèjì, 12,000 fún fíríìjì, 3,000 fún sítébiláìsà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun yóò san 1,500 fún méjèèjì, ṣùgbọ́n pé wáyà bàbà tí a yí mọ́ ọrùn dígí wọn àti pátákó inú wọn nìkan ni òun yóò mú lọ, kí n gbé ìyókù sí ẹnu ọ̀nà de ọkọ̀ PSP tí ń kó ilẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bò, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi dá ọwọ́ ọjà dúró. Dígí irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dígí lásán. A po òjé mọ́ ọn kí ó lè dá ìtànṣán tí ń ti inú rẹ̀ jáde dúró kí ó má bàa kan ẹni tí ń wò ó, òjé tí ó wà nínú ẹyọ kan sì lè ju kílò kan lọ. Níwọ̀n ìgbà tí dígí náà bá wà lódindi, òjé náà kò lọ síbì kankan. Bí a bá wá fi òòlù fọ́ ọrùn rẹ̀ nítorí bàbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ya wọ inú rẹ̀ níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, àfọ́kù lè fò mọ́ ẹni tí ń fọ́ ọ, ìyẹ̀fun tí a fi kun inú ojú rẹ̀ yóò tú jáde, ìyókù yóò sì wà nílẹ̀ tí òjò yóò máa rọ̀ lé e lórí. Ọmọ tí ń ṣeré ní ojú àkìtàn kò mọ̀ pé dígí kan yàtọ̀ sí èkejì.

Fíríìjì náà ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti ọ̀pá bàbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń fẹ́, ọ̀nà tí ó sì yá jù láti yọ wọ́n ni kí a fi pílọ́ọ̀sì gé ọ̀pá náà kí gáàsì inú rẹ̀ tú dànù. Mo yí fíríìjì bàbá wa padà, mo sì rí i lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pé R12 ni gáàsì rẹ̀. Èyí wà lára àwọn gáàsì tí Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 bẹ̀rẹ̀ sí í lé kúrò láyé, nítorí pé wọ́n ń jẹ ìpele ósóònù tí ń bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. R134a tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò ba ósóònù jẹ́, àmọ́ ó ń mú ayé gbóná ju ìlọ́po 1,000 bí carbon dioxide, gáàsì tí ó wà nínú èéfín lásán, ṣe ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ tí ọ̀pá fíríìjì bá ń hó "ṣìì" ní ẹ̀yìnkùlé, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí a ó ṣe rí i kó padà.

Ní ti bátìrì, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó léwu, àmọ́ n kò mọ bí ó ṣe tó. Bátìrì ínfátà tí a ń bu omi sí kún fún òjé àti ásíìdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó fúyẹ́ kí ó tó gbé e sórí ọmọlanke yóò yí i dojú dé lórí gọ́tà kí ásíìdì inú rẹ̀ ṣàn lọ, òjé tí ó ti yòrò mọ́ ásíìdì náà yóò sì bá a lọ. Láti ibẹ̀ ni bátìrì ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yọ́ òjé, irú àwọn tí ó pọ̀ ní Ògijo, ìlú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń ráhùn èéfín láti ìgbà pípẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Nàìjíríà máa bèèrè ẹ̀rí, nítorí pé ní ọdún 2010 ni òjé pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé.

N kò sọ èyí láti ba iṣẹ́ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù jẹ́. Ká má parọ́, bí kì í bá ṣe tiwọn, gbogbo gọ́tà Èkó ì bá ti kún fún tẹlifíṣọ̀n àti fáànù. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń dé ibi tí ọkọ̀ ìjọba kì í dé, wọ́n ń fi owó lé wa lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì mọ irú irin tí ó wà nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tú u. Ohun tí ó wọ́n wọn ni ibi tí wọn yóò gbé apá tí kò lówó lórí lọ. Ẹni tí ó bá ti dé ẹ̀yìn ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́, tàbí tí ó ti gba ẹ̀gbẹ́ àkìtàn Olúṣosùn kọjá ní Ojota, yóò mọ òórùn wáyà tí a ń sun. Ike ara wáyà ni wọ́n ń jó dànù kí bàbà lè yọ, àwọn tí ń ṣe é sì ń mí sínú èéfín tí májèlé dioxin wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Àbúrò mi ni ó wá ilé-iṣẹ́ náà kàn. Ó ti gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé òfin kan wà láti ọdún 2011 tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí òfin àyíká, ń bójú tó, tí ó ní kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tàbí tí ń kó o wọ̀lú máa bá wa gbé ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá bàjẹ́, àti pé ní ọdún 2018 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ EPRON sílẹ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa dá owó jọ fún un. Ó ya èmi lẹ́nu pé òfin náà ti wà tó bẹ́ẹ̀, tí n kò sì tíì rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti bi mí pé níbo ni mo gbé fíríìjì àtijọ́ sí nígbà tí mo lọ ra tuntun.

A fi àwòrán ẹrù ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin tí ó dá wa lóhùn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá bátìrì kankan ń jo, bóyá dígí tẹlifíṣọ̀n ti sán, bóyá bátìrì fóònù kankan ti wú. Ó fi iye tí wọ́n ń san lórí kílò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ gbangba pé tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn gbàǹgbà kò ní owó tí wọn yóò san lórí rẹ̀, pé ńṣe ni àwọn ń ná owó láti tọ́jú rẹ̀. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó mú mi fọkàn tán wọn. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò fi owó gidi ra irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, bàbà ọrùn rẹ̀ ni ó ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún wa, Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn dùn wá gan-an, nítorí pé ẹni tí ó gba ilé fẹ́ wọlé, àbúrò mi sì ti gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́ nítorí tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pè wá láti tọrọ àforíjì, ó sì ti di ọ̀sán Ọjọ́rú kí wọ́n tó pè. Nígbà tí wọ́n wá dé, ọkùnrin mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọkọ̀ tí a bò lórí. Wọ́n kí wa bí ó ti yẹ, wọ́n ń pè mí ní Mọ́mì, wọ́n sì gbé ìwọ̀n sílẹ̀ níwájú wa kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí wọ́n ṣe di ẹrù ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fojú inú wò. Wọ́n fi téèpù bo orí bátìrì kọ̀ọ̀kan kí irin má bàa kàn án kí ó tan iná, wọ́n gbé méjèèjì sínú agbada ike jíjìn kan ní ìdúró, wọ́n sì da iyanrìn sí ìdí wọn nítorí ìjò. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n dojú dígí wọn kọ ara wọn kí ọrùn wọn má bàa lu nǹkan. Fíríìjì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni títí dé inú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Bátìrì méjèèjì wọn 118 kílò. Owó tí ó bọ́ sórí wọn ju ti oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù lọ pẹ̀lú 24,400 náírà, nítorí ìwọ̀n nìkan.

Mo ní mo fẹ́ tẹ̀lé ẹrù náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n pe ọ̀gá wọn lórí fóònù, ọ̀gá náà sì ní kí n wá ní Ọjọ́ Ajé. Mo lọ. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá lo irú iṣẹ́ yìí pé kí ó béèrè ohun kan náà, nítorí pé ọgbà iṣẹ́ ni ó ń sọ òtítọ́.

Ilẹ̀ ọgbà náà jẹ́ kọnkéré, ó sì ní òrùlé, tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá jò, kò lè wọnú ilẹ̀. Tábìlì ìdánwò ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin méjì ti ń ki ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bọ iná kí wọ́n tó pinnu bóyá kí a tú u. Fáànù méjì nínú mẹ́rin tí a gbé fún wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kápásítọ̀ inú wọn. Wọ́n dá wọn padà fún mi, wọ́n sì gba owó kápásítọ̀ nìkan. Mo ronú kan bàbá mi níbẹ̀, nítorí pé òun ti ń sọ pé a ó rí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì fíríìjì. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ ọ̀pá fíríìjì, gáàsì sì wọ inú sílíńdà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lára, kò hó ṣìì kankan. Mo béèrè nípa fóòmù ògiri fíríìjì, nítorí pé gáàsì bẹ́ẹ̀ wà nínú ihò fóòmù àtijọ́ pẹ̀lú. Ọ̀gá náà sọ fún mi láìfi bò pé àwọn kò ní ẹ̀rọ tí ó lè fa ti inú fóòmù, pé ńṣe ni àwọn ń gé e lódindi, tí àwọn ń dì í sínú àpò, tí àwọn sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣe bákan náà nígbà tí mo béèrè nípa dígí tẹlifíṣọ̀n. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn, ó sì fi àpótí ẹrù ọkọ̀ òkun kan hàn mí tí ó kún fún wọn, ní ètò, ọ̀kan lórí èkejì, kò sí èyí tí a fọ́. Ó ní tẹlẹ̀rí, àwọn tí ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ni ó máa ń yọ́ dígí àtijọ́ láti fi ṣe tuntun, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ayé yí sí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ọjà náà kú, ó sì di ohun tí àwọn ń náwó lé lórí. Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ó sọ fún mi pé gbogbo nǹkan ti di àtúnlò. Ó mọ ibi tí apá tí kò lówó lórí wà, ó sì lè mú mi débẹ̀.

Pátákó inú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń tò àwọn ẹ̀yà kéékèèké sí, wà nínú àpò ńláńlá ní ọ̀tọ̀. Nínú gbogbo ẹrù tí ó wà níbẹ̀, òun ni ó lówó lórí jù, nítorí pé wúrà tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù kan pátákó fóònù pọ̀ ju èyí tí a ń rí nínú tọ́ọ̀nù kan òkúta inú kòtò wúrà lọ. Ní ibòmíràn, inú ásíìdì ni wọ́n ń rẹ pátákó yìí sí lẹ́yìnkùlé kí wọ́n lè rí wúrà yọ. Àwọn wọ̀nyí kì í yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní iná ìléru tí ó lè yọ́ ọ láìtú èéfín sí ara ènìyàn. Ìwé tí ó ń bá a lọ pọ̀, ó sì ti pọ̀ sí i láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí Àdéhùn Basel, èyí tí ń darí bí a ṣe ń kó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, fẹ òfin rẹ̀ dé orí gbogbo àlòkù ẹ̀rọ, tí ó fi jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí ń gbà á gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àdéhùn yẹn rán mi létí ohun kan tí àwọn àgbà yóò rántí. Ní ọdún 1988, wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí a kó láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Kókò, èbúté kékeré tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, tí wọ́n tò jọ sí àgbàlá ẹnì kan nínú gáráwá. Ìbínú ọ̀rọ̀ náà ni ó mú Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìdọ̀tí olóró lọ́dún náà gan-an, ó sì wà lára ohun tí ó fa Àdéhùn Basel ní ọdún 1989. Bẹ́ẹ̀, ẹrù ṣì ń wọlé títí di òní ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 rí i pé àlòkù ẹ̀rọ tí ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ó kéré tán, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fíríìjì bàbá wa gan-an, tòkunbọ̀ ni. Ẹnì kan ní òkè òkun ni ó yẹ kí ó ti san owó ìparí rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, n kò ní ẹjọ́ kankan tí mo fẹ́ rò, àfi ìyìn. Orúkọ àti nọ́ńbà báńkì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bàbá wa wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti pa fáìlì rẹ́, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà pa rẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí tí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀, ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n rẹ̀ yóò sì rí i kà. Wọ́n yọ háàdì dísìkì rẹ̀ lójú mi, wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ki í bọ ẹ̀rọ tí ń lu ihò sí i, wọ́n sì ní àwọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ tí ó jẹ́ fọ́tò ìdílé, a ti kó o sílẹ̀ kí a tó gbé e lọ. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ rántí èyí, nítorí pé lẹ́yìn ihò yẹn kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àléébù wọn kò kéré. Ìkíní, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì pè. Owó bátìrì náà pẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá kí ó tó wọ báńkì, bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ì bá ti kà á sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró de ọjọ́ mọ́kànlá nítorí ósóònù, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó ọkọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò wá gbé ẹrù níbikíbi ní Èkó, àmọ́ nígbà tí rìsíìtì dé, mo rí i pé wọ́n ti yọ 15,000 náírà kúrò nínú owó wa nítorí pé ẹrù náà kò tó ìwọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá ọ̀gá wọn sọ ọ́, ó dá ìdajì rẹ̀ padà, ó sì ní àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ó tọ́ kí wọ́n kọ ọ́ kedere, nítorí pé ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, tí ó fẹ́ ṣe ohun tí ó dára, ni yóò kọ́kọ́ sá padà sí ẹnu ọ̀nà de PSP bí ó bá rí irú owó bẹ́ẹ̀.

Nínú ọgbà náà, mo rí ọ̀kan nínú àwọn tí ń tú sítébiláìsà tí kò wọ ìbọ̀wọ́, tí ìbomú rẹ̀ sì wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ọ̀gá náà pè é, ó sì wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó wà lójú rẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ. Ohun kan tí inú mi dùn sí ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù mẹ́rin tí ó tò sí ẹnu ìwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ náà ń ra wáyà tí a kò sun lọ́wọ́ wọn ní owó tí ó ju ti èyí tí a sun lọ, ó sì ń ra bátìrì tí ásíìdì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ju èyí tí a ti dà sófo. Mo rò pé èyí yóò ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ, nítorí pé owó ni ó ń mú ẹni wá sẹ́nu ìwọ̀n. Bí ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀jọ́ àti ní Àgége, iná wáyà yóò dín kù kí ẹnikẹ́ni tó rán ọlọ́pàá.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ gan-an ni ọ̀pá iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì. Mákúrì wà nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá fọ́ nínú yàrá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni yóò gbé e, ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò sì fà á símú. Àwòrán wọn wà lára èyí tí a fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé àwọn kì í gbà á. Nígbà tí ọkọ̀ dé ni awakọ̀ sọ pé àwọn kò ní àpótí tí a fi ń gbé e. Bátìrì fóònù méjì tí ó ti wú náà kò bá wọn lọ ní ọjọ́ yẹn; wọ́n ní kí n kó wọn sínú ìkòkò irin tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí n gbé e sí ibi tí ilé kò sí nítòsí, títí wọn yóò fi padà wá, nítorí pé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná bí a bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bí ó bá gbóná. Wọ́n padà wá mú bátìrì náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn kò padà wá mú ọ̀pá iná.

Nínú ìṣirò tí àjọ àgbáyé ṣe fún ọdún 2022, àlòkù ẹ̀rọ tí gbogbo ayé dà nù tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ìdá 22.3 péré nínú 100 ni a sì mọ̀ dájú pé a kó jọ tí a tún lò ní ọ̀nà tí ó tọ́. Mo rò ó wò pé bí wọn kò bá tíì lè ṣe é tán ní ilẹ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe ní Èkó kì í ṣe kékeré. N ó tún lò wọ́n. N ó kàn béèrè owó ọkọ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, n ó béèrè ọjọ́ tí owó yóò wọlé, n ó ka ohun tí wọn kì í gbà kí n tó kó ẹrù jáde, n ó sì lọ wo ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

A ti fi ilé bàbá wa lé onílé tuntun lọ́wọ́. Ọ̀pá iná ogún náà wà lọ́dọ̀ mi báyìí, nínú paálí gígùn kan tí mo fi aṣọ tẹ́ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn àpótí aṣọ nínú yàrá tí ọmọ kankan kì í wọ̀. Ọmọbìnrin orí WhatsApp sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé àpótí tí wọ́n fi ń gbé e ti dé, mo sì ti ní kí ó kọ ọjọ́ sílẹ̀ fún mi.